Bí a ṣe ń fi leased line so ọ́fíìsì Ifẹ̀ àti ti Iléṣà pọ̀

Kí ilé iṣẹ́ fáíbà (wáyà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé détà) tó gbẹ́ ilẹ̀ rárá, ó yẹ kí èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí ti parí lórí ìwé. Iṣẹ́ mi ni kí n máa so nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwọn ọ́fíìsì pọ̀. Ifẹ̀ ni mo fi ṣe ibùjókòó, mo sì máa ń ná ọ̀nà Iléṣà dáadáa. Lọ́pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá pè mí pé láìnì tuntun ò ṣiṣẹ́, kò sí nǹkan tó ṣe láìnì. Àdírẹ́ẹ̀sì apá méjèèjì, ìyẹn nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń dá ara wọn mọ̀, ló kọlu ara wọn, tàbí kó jẹ́ pé ọ̀gá ti fọwọ́ sí ìwé pé iṣẹ́ ti parí kí ẹnikẹ́ni tó wọn ohun tí wọ́n gbé fún un. Mo kọ èyí fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe é fúnra yín, àti fún ẹ̀yin tí ẹ máa gbé e fún oníṣẹ́ ṣùgbọ́n tí ẹ fẹ́ mọ ohun tí ẹ ó bi í.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ṣe àpẹẹrẹ. Olú ọ́fíìsì wọn wà ní Lágere, ẹ̀ka wọn wà ní Ẹ̀rẹ̀jà ní Iléṣà. Inú sẹ́fà kan (server, kọ̀ǹpútà àjọlò tó ń tọ́jú détà) ní Lágere ni àkọsílẹ̀ owó gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wà. Kí wọ́n tó ní láìnì, inú flash ni ẹ̀ka Iléṣà ń kó iṣẹ́ ọjọ́ sí, tí wọ́n á fi rán ẹni tó ń bọ̀ ní Ifẹ̀ nírọ̀lẹ́. Màmá tó jẹ́ máníjà ẹ̀ka náà sọ fún mi pé, “Àǹtí mi, ẹni tó sanwó lọ́dọ̀ mi láàárọ̀ á ti dé Ifẹ̀, á ti béèrè ẹ̀yáwó, wọ́n á ní àwọn ò rí owó rẹ̀.” Irú ìṣòro yìí ni leased line wà fún. Bó bá jẹ́ ímeèlì àti WhatsApp nìkan ni ọ́fíìsì yín fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ẹ má náwó sí i. Íntánẹ́ẹ̀tì lásán tó.

Leased line ni ọ̀nà détà tí ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ń yá yín láti ọ́fíìsì kan dé èkejì. Ẹ̀yin nìkan lẹ ní in, ẹ ó sì máa sanwó rẹ̀ lóṣooṣù, ẹ lò ó o, ẹ ò lò ó o. Bó ṣe ń yára lọ ló ṣe ń yára bọ̀: 10 Mbps lọ, 10 Mbps bọ̀. Mbps ni mílíọ̀nù bíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kbps ni ẹgbẹ̀rún. Nígbà kan, irú láìnì tí wọ́n ń pè ní E1 ló gbòde, 2.048 Mbps, tí wọ́n pín sí ọ̀nà 32, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 64 kbps. Lóde òní, fáíbà ló pọ̀ jù, Ethernet, irú ìsopọ̀ tí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ń lò, sì ni wọ́n máa ń nà sí yín. Ifẹ̀ kì í sì í ṣe àlejò nínú irú iṣẹ́ yìí: láàárín ọdún 1990 sí 1999 ni OAU àti ICTP, ibùdó ìmọ̀ fíísíìsì àgbáyé ní Trieste ní Ítálì, ti jọ ṣiṣẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ọgbà yunifásítì náà. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rántí rẹ̀.

Kí ni yóò gba orí láìnì náà?

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó béèrè iye owó. Òṣìṣẹ́ tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tó ń tẹ iye owó wọlé kì í jẹ nǹkan púpọ̀. Fóònù ọ́fíìsì tó ń gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bó bá ń lo G.711 (ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń sọ ohùn di détà), ń jẹ tó 87 kbps lọ àti 87 kbps bọ̀. Ènìyàn 10 lè jọ máa sọ̀rọ̀, kò ní tó 1 Mbps. Kámẹ́rà ló ń jẹun. Ẹyọ kan tí àwòrán rẹ̀ mọ́ dáadáa lè gba 2 sí 4 Mbps. Alága tó bá fẹ́ máa wo gbogbo kámẹ́rà Ẹ̀rẹ̀jà láti Lágere látàárọ̀ ṣúlẹ̀ á jẹ láìnì 10 Mbps tán kí ẹnikẹ́ni tó rí àyè tẹ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán sílẹ̀ wà ní Iléṣà, kí alága sì wo èyí tó bá nílò nìkan.

Ẹ tún ro ẹ̀dà détà tí ẹ ń kó pamọ́. 10 Mbps kì í ṣe mẹ́gábáìtì 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan; 1.25 ni, nítorí pé bíìtì mẹ́jọ ló wà nínú báìtì kan. Bí ẹ bá fẹ́ kó 20 GB láti Lágere lọ pamọ́ sí Iléṣà, yóò gba wákàtí mẹ́rin ó lé díẹ̀ tí kò bá sí ohun mìíràn lórí láìnì. Nítorí náà, òru ni kí ẹ ṣètò rẹ̀ sí.

Íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Kí ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Kò dáa kí fídíò tí ẹnì kan ń wò ní Ẹ̀rẹ̀jà máa gba Lágere kọjá lórí ọ̀nà tí ẹ rà fún owó ọmọ ẹgbẹ́.

Ohun tí ẹ ó bi ilé iṣẹ́ tó ni láìnì

Ẹ bi wọ́n pé, “Ibo ni fáíbà yín gbà?” Láti Ifẹ̀ sí Iléṣà kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ, Òṣú sì wà láàárín. Ìmọ́lẹ̀ nínú fáíbà ń rìn tó 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tó túmọ̀ sí pé 30 kìlómítà ò gbà á ju 0.15 ms lọ (ms ni ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá). Lílọ àti bíbọ̀ jẹ́ 0.3 ms, ẹ wá fi díẹ̀ kún un fún àwọn ẹ̀rọ ojú ọ̀nà. Bí ẹ bá wá ṣe ping, ìyẹn kí ẹ fi détà díẹ̀ pe ìkángun kejì kó dáhùn, tí ó ń mú 6 ms wá láì sí ẹni tó ń lo láìnì, ó ṣeé ṣe kí détà yín ti kọ́kọ́ lọ sí Ìbàdàn tàbí Èkó kó tó padà wá sí Iléṣà. 6 ms fúnra rẹ̀ ò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Ohun tó yẹ kó kàn yín ni pé gbogbo kátapílà tó ń gbẹ́ ilẹ̀ lójú ọ̀nà gígùn yẹn lè gé yín kúrò. Ẹni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ á lè dúnàádúrà, á sì mọ irú ọ̀nà àbáyọ tó yẹ kó ní.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé àdéhùn. Bí wọ́n bá kọ pé láìnì á máa ṣiṣẹ́ ní 99.5% lóṣù, ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: oṣù ọlọ́jọ́ 30 jẹ́ wákàtí 720, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ kí láìnì kú fún wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 36 láì san gbèsè kankan fún yín. 99.9% jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 43. Ẹ bi wọ́n ní nọ́ńbà tí ẹ ó pè lóru Sátidé, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Kí wọ́n tún sọ bí wọn yóò ṣe nà án sí yín: ṣé wáyà RJ45 (ẹnu wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì lásán) ni àbí SFP (ihò tí wọ́n ń ki ẹnu fáíbà sí), ṣé ó ní nọ́ńbà VLAN (tó ń ya détà sọ́tọ̀ lórí wáyà kan), ṣé auto ni pọ́ọ̀tù wọn wà (kó fúnra rẹ̀ yan ìyára) àbí wọ́n ti dè é mọ́ 100 full (100 Mbps, lílọ àti bíbọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà), kí sì ni MTU rẹ̀, ìyẹn bí páákẹ́ẹ̀tì (ìdì détà) kan ṣe lè tóbi tó. Àpótí tó jẹ́ ààlà láàárín tiwọn àti tiyín, ẹ ní kí wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rò pé ẹ ó fi rédíò 5.8 GHz ṣe é fúnra yín láti Ifẹ̀ dé Iléṣà, ẹ gbọ́: ní 30 kìlómítà, bí kò tilẹ̀ sí òkè kankan, àárín ọ̀nà gbọ́dọ̀ ṣófo ní nǹkan bí mítà 20 yí ojú ìlà ká, yíyí ilẹ̀ ayé á sì tún gbé ilẹ̀ sókè tó mítà 13 níbẹ̀. Ẹ wá fi òkè ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti igi kún un. Láàárín ìlú kan, láti Lágere sí Mayfair, rédíò dára gan-an. Fún ọ̀nà yìí, fáíbà ni mo fara mọ́.

Àdírẹ́ẹ̀sì

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Púpọ̀ nínú ráútà (ẹ̀rọ tó ń darí détà láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sí òmíràn) tí wọ́n ń tà lọ́jà ló ń gbé 192.168.1.0 tàbí 192.168.0.0 wá láti ibi tí wọ́n ti ṣe é; ti ilé iṣẹ́ MikroTik sábà máa ń jẹ́ 192.168.88.0. Ẹni tó to Lágere ò pààrọ̀ rẹ̀, ẹni tó to Ẹ̀rẹ̀jà náà ò pààrọ̀ rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí kálukú wà láyè ara rẹ̀, kò sí ìjà. Ọjọ́ tí ẹ bá so wọ́n pọ̀ ni ọ̀rọ̀ di rúdurùdu. Kọ̀ǹpútà Ẹ̀rẹ̀jà tó ń wá sẹ́fà 192.168.1.10 á gbà pé inú ilé tòun ni sẹ́fà náà wà. Á máa pè é láàárín súwíìṣì (àpótí tó so àwọn kọ̀ǹpútà ilé kan pọ̀) tó wà nínú yàrá, kò tilẹ̀ ní ya ọ̀dọ̀ ráútà. Bí ilé méjì bá ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà ní àdúgbò kan, ẹni tó gbé lẹ́tà wá ò lẹ́bi.

Ètò tí mo máa ń lò rèé. Gbogbo ohun tó bá wà ní Ifẹ̀ ń jẹ́ 10.10, gbogbo ti Iléṣà ń jẹ́ 10.20. Nọ́ńbà kẹta ń sọ irú ẹ̀rọ tó jẹ́: 10 fún kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ àti sẹ́fà, 20 fún fóònù, 30 fún kámẹ́rà. Nítorí náà 10.20.30.5 jẹ́ kámẹ́rà ní Iléṣà, ẹ ò sì nílò ìwé kankan kí ẹ tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, .1 ni ráútà, .2 dé .20 jẹ́ ti súwíìṣì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, .21 dé .50 jẹ́ ti sẹ́fà, DHCP, ètò tó ń fún ẹ̀rọ ní àdírẹ́ẹ̀sì láìfọwọ́tẹ̀ ẹ́, ń pín .100 dé .200. Láìnì fúnra rẹ̀ ń jẹ́ 10.255.0.0/30. Àdírẹ́ẹ̀sì mẹ́rin ló wà nínú /30, méjì péré ló ṣeé lò: .1 fún Lágere, .2 fún Ẹ̀rẹ̀jà.

Ẹ ṣe pípààrọ̀ àdírẹ́ẹ̀sì yìí kí láìnì tó dé, ní ọjọ́ Sátidé tí kò sí oníbàárà. Kọ̀ǹpútà ò ní yọ yín lẹ́nu, DHCP á fún wọn ní tuntun. Àwọn tí wọ́n fi ọwọ́ tẹ àdírẹ́ẹ̀sì sí ni kí ẹ wá kiri: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán kámẹ́rà sílẹ̀, ẹ̀rọ tí òṣìṣẹ́ ń tẹ ìka mọ́ láàárọ̀. Ẹ wo inú sọ́fútíwíà ẹgbẹ́ náà pẹ̀lú. Àìmọye ìgbà ni ẹni tó fi í sórí kọ̀ǹpútà máa ń tẹ àdírẹ́ẹ̀sì sẹ́fà sínú rẹ̀ gan-an. Ẹ fi orúkọ rọ́pò rẹ̀, kí ẹ má baà tún ṣe iṣẹ́ yìí lọ́jọ́ mìíràn.

Àwọn kan á ní kí ẹ kàn fi láìnì so súwíìṣì Lágere mọ́ súwíìṣì Ẹ̀rẹ̀jà, ó parí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbà. Gbogbo ariwo tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń pa láti wá ẹnìkejì rẹ̀ ni yóò máa la Òṣú kọjá. DHCP méjì á máa du kọ̀ǹpútà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Bí akọ́ṣẹ́ kan ní Ẹ̀rẹ̀jà bá sì fi ẹnu wáyà méjèèjì bọ súwíìṣì kan náà, Lágere á dá iṣẹ́ dúró pẹ̀lú wọn. Ráútà gbọ́dọ̀ wà ní ìkángun kọ̀ọ̀kan.

Títò ráútà

MikroTik ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ nítorí pé ó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni lórí èyíkéyìí. Pọ́ọ̀tù ether1 ń lọ sí íntánẹ́ẹ̀tì, ether2 ń lọ sí àpótí láìnì. Ní Lágere:

/ip address add address=10.255.0.1/30 interface=ether2
/ip route add dst-address=10.20.0.0/16 gateway=10.255.0.2 check-gateway=ping

Ní Ẹ̀rẹ̀jà:

/ip address add address=10.255.0.2/30 interface=ether2
/ip route add dst-address=10.10.0.0/16 gateway=10.255.0.1 check-gateway=ping

Ẹ kíyè sí i pé apá méjèèjì ló ní ọ̀nà. Bí Ẹ̀rẹ̀jà bá mọ ọ̀nà Lágere tí Lágere ò mọ ọ̀nà Ẹ̀rẹ̀jà, ìbéèrè á lọ, ìdáhùn ò ní bọ̀, ẹ ó sì máa rò pé láìnì ló kú.

Masquerade, òfin tó ń fi àdírẹ́ẹ̀sì ráútà bo ti àwọn kọ̀ǹpútà, gbọ́dọ̀ ní out-interface=ether1, kó mọ sí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ gbayawu, ohun gbogbo tó bá ti Ẹ̀rẹ̀jà wá á dé ọ̀dọ̀ sẹ́fà pẹ̀lú àdírẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo. Nínú ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú owó, ó ṣe pàtàkì kí àkọsílẹ̀ sẹ́fà lè fi kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti gba owó hàn. Òótọ́ tó lè dáàbò bo òṣìṣẹ́ tí kò ṣe nǹkan kan ni.

Ẹ rántí pé pọ́ọ̀tù 100 Mbps ni wọ́n nà sí yín, 10 Mbps lẹ sì rà. Ohun tó bá lé ni ilé iṣẹ́ yẹn yóò máa jù nù, wọn ò ní wò ó bóyá ohùn ènìyàn ni àbí fáìlì. Ẹ fi queue (òfin tó ń to détà sórí ìlà) sí ether2 ní 9.5 Mbps, kí ẹ sì fi fóònù ṣáájú, kó lè jẹ́ ẹ̀yin lẹ ó pinnu ohun tí yóò dúró de èkejì.

Wíwọn láìnì kí ẹ tó fọwọ́ sí i

Ọjọ́ tí ẹ bá fọwọ́ sí ìwé ni owó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, nítorí náà ẹ wọn láìnì kí bírò tó kan ìwé. Ẹ ti ọ̀dọ̀ yín bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa lọ síwájú díẹ̀díẹ̀. Láti ráútà Lágere, ẹ ping 10.255.0.2. Bó bá dáhùn, ẹ ping 10.20.10.1. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ṣe é láti kọ̀ǹpútà sí kọ̀ǹpútà. Bí ti ráútà bá kọjá tí ti kọ̀ǹpútà kọ̀, ẹ má pe ilé iṣẹ́ fáíbà. Ohun méjì ló wọ́pọ̀ níbẹ̀: ẹ̀rọ náà ò ní gateway (àdírẹ́ẹ̀sì ráútà tó yẹ kó gbà jáde), tàbí firewall (aṣọ́nà) Windows ń gba ping látọ̀dọ̀ ará ilé nìkan, ó sì ka ará Iléṣà sí àjèjì.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọn ìyára pẹ̀lú iperf3, sọ́fútíwíà tó wà fún irú rẹ̀. Ẹ tẹ iperf3 -s lórí kọ̀ǹpútà kan ní Ẹ̀rẹ̀jà, kí ẹ wá tẹ èyí ní Lágere:

iperf3 -c 10.20.10.150 -t 600

Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú -R kí ẹ lè rí ọ̀nà ìpadàbọ̀. Nínú 10 Mbps, ó yẹ kí ẹ rí ohun tó lé ní 9, nítorí pé àdírẹ́ẹ̀sì tó wà lára páákẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan náà ń gba àyè. Bí apá kan bá yára tí èkejì ń wọ́lẹ̀, ẹ wo duplex, ìyẹn bóyá détà ń lọ tó sì ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà (full) àbí lọ́kọ̀ọ̀kan (half). Àìsàn yìí máa ń tan ènìyàn jẹ, torí ping kékeré ń kọjá dáadáa, fáìlì ńlá ni kì í rìn. Ohun tó ń fà á ni pé wọ́n dè apá kan mọ́ full, wọ́n fi èkejì sí auto, auto wá bọ́ sí half. Ẹ wo iye error lórí ether2. Bó bá ń pọ̀ sí i bí fáìlì ṣe ń kọjá, ẹ ti mú un. Kí apá méjèèjì jẹ́ auto, tàbí kí wọ́n jọ dè é.

Ẹ dán MTU wò láti orí Windows: ping -f -l 1472 10.20.10.150. Báìtì 1472 pẹ̀lú 28 tí orí páákẹ́ẹ̀tì ń gbà jẹ́ 1500. Bó bá ní àfi kí òun gé e wẹ́wẹ́, ohun kan lójú ọ̀nà ti bu nínú rẹ̀. Ohun tí òṣìṣẹ́ yóò rí ni pé ojú ewé ìwọlé ń ṣí, ṣùgbọ́n ìròyìn gígùn á kàn máa yí láì parí.

Ẹ wá fi ping sílẹ̀ kó máa lọ fún odindi wákàtí 24, kó rí ọ̀sán, kó rí òru. Bí onímọ̀ ẹ̀rọ wọn bá ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi fọwọ́ sí i kí n máa lọ,” ẹ fún un lómi tútù mu, kí ẹ sì sọ fún un pé ọ̀la ni.

Ọ̀nà kejì, ààbò àti iná

Ẹ fi WireGuard (sọ́fútíwíà tó ń ti détà pa lójú ọ̀nà) ṣe ọ̀nà kejì gba orí íntánẹ́ẹ̀tì 4G, pẹ̀lú distance=10 kó lè máa dúró lẹ́yìn. Ìkángun kan gbọ́dọ̀ ní àdírẹ́ẹ̀sì tó hàn sí gbogbo ayé, torí pé púpọ̀ nínú káàdì SIM ló ń fara pamọ́ sẹ́yìn àdírẹ́ẹ̀sì àjọlò; kí ìkángun tó ń lo SIM máa pe èkejì, pẹ̀lú persistent-keepalive 25 (kó máa kan ìlẹ̀kùn ní ìṣẹ́jú-àáyá 25 kọ̀ọ̀kan). Check-gateway tí ẹ kọ lókè máa ń ping lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá 10, bó bá sì kùnà lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀nà kejì á gbà á. Láìsí i, bí wọ́n bá gé fáíbà ní Òṣú, iná ether2 á ṣì máa tàn nítorí pé àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ò kú, ráútà á sì máa da détà sínú kòtò. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi gbọ́dọ̀ dán an wò nípa yíyọ wáyà ráútà yín. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ ní kí onímọ̀ ẹ̀rọ wọn yọ fáíbà lẹ́yìn àpótí wọn, kí ẹ sì wo bóyá òṣìṣẹ́ Ẹ̀rẹ̀jà ṣì lè gba owó.

Pé láìnì jẹ́ tiyín nìkan ò sọ pé ó ní àgádágodo. Détà ń kọjá nínú ẹ̀rọ ẹlòmíràn ní gbangba. Òfin ààbò détà Nàìjíríà ti ọdún 2023 gbé ojúṣe lé ẹni tó ń tọ́jú orúkọ àti owó àwọn ènìyàn lọ́wọ́, nítorí náà ẹ fi WireGuard bo orí leased line náà pẹ̀lú, tàbí kí sọ́fútíwíà yín máa fi TLS ti détà pa fúnra rẹ̀. Nínú firewall, kọ̀ǹpútà Ẹ̀rẹ̀jà nílò sẹ́fà àti fóònù. Kò ní ohunkóhun ṣe nínú kọ̀ǹpútà akápò ní Lágere.

Ẹ so àpótí kékeré ilé iṣẹ́ fáíbà náà mọ́ inverter, kì í ṣe ráútà yín nìkan. Kí kábínẹ́ẹ̀tì ní wáyà ilẹ̀ tó dájú kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ lẹ ìwé kan mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nínú: nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ náà fi ń da láìnì yín mọ̀, nọ́ńbà fóònù òru, àti ìlà mẹ́ta tí òṣìṣẹ́ yóò ping tẹ̀lé ara wọn, ráútà tirẹ̀, òdìkejì láìnì, sẹ́fà. Màmá ní Ẹ̀rẹ̀jà ń ka tiẹ̀ fún mi lórí fóònù báyìí, kí n tó béèrè.

Bí ẹgbẹ́ bá wá ṣí ẹ̀ka kẹta ní Òṣogbo, 10.30 ló máa jẹ́, láìnì rẹ̀ á sì jẹ́ 10.255.0.4/30. Ọ̀nà tí a fi ọwọ́ kọ ṣì tó fún ọ́fíìsì mẹ́ta. Bí wọ́n bá di márùn-ún, ẹ lọ kọ́ OSPF, tí ráútà fi ń kọ́ ọ̀nà lọ́dọ̀ ara wọn.